Ọmọ mi ní krìmìnọ́lọ́jì lòun fẹ́ kà: kí ló wà níbẹ̀?

Bàbá Fúnmi (Ìṣọ̀kun, Iléṣà)
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé. Aṣọ ni mo ń tà lọ́jà Atákúmọ̀sà, n ò kàwé kọjá girama. Fúnmi, àbíkẹ́yìn mi, ti ṣe WAEC, ó sì yege. Mo ti ń fọ́nnu kiri pé lọ́yà ń bọ̀ nílé mi, àfi bó ṣe ní krìmìnọ́lọ́jì lòun fẹ́ kà. Ìyá rẹ̀ ní ṣé ọlọ́pàá ló fẹ́ ṣe ni. Aládùúgbò wa kan tiẹ̀ ní ṣé wọ́n ti ń kọ́ èèyàn lólè jíjà ní yunifásítì ni! Ẹ gbà mí. Kí ni wọ́n ń kọ́ wọn gan-an? Ṣé ó ṣì lè di lọ́yà? Owó ọdún mẹ́rin tí mo fẹ́ ná yìí, ta ló máa gbà á síṣẹ́?

Ìyá Ìbejì Parakin (Ilé-Ifẹ̀)
Ẹ kúulé, Bàbá Fúnmi. Sosiọ́lọ́jì àti Antropọ́lọ́jì ni mo kà ní OAU. Nínú rẹ̀ ni mo ti bá krìmìnọ́lọ́jì pàdé, òun ni mo sì fi ń jẹun lónìí, nítorí ọ̀rọ̀ àwọn ẹlẹ́wọ̀n niṣẹ́ mi.

Ẹ gbàgbé fíìmù. Àwọn tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ àti àmì ìka wò, kẹ́mísírì àti bàọ́lọ́jì ni wọ́n fi ń ṣe tiwọn. Ohun tí àwa ń wá ni ìdí tí èèyàn fi ń rú òfin, ẹni tó ń pinnu pé nǹkan kan di ọ̀ràn, àti ohun tí ìyà ń sọ ẹni tó jẹ ẹ́ dà. Wọn yóò kọ́ ọ nípa Lombroso, dókítà ará Ítálì tó sọ ní 1876 pé bí a ṣe bí ọ̀daràn mìíràn nìyẹn, pé èèyàn lè fi etí àti àgbọ̀n ìsàlẹ̀ dá a mọ̀. Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹni tó rí ọmọkùnrin tó ṣe irun dàda, tó gbé láptọ́ọ̀pù lọ́wọ́ ní Lágéré, tó sì pè é ní ọmọ Yahoo lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí ló fi yàtọ̀ sí Lombroso?

Merton, onímọ̀ nípa àwùjọ ará Amẹ́ríkà, ní tirẹ̀ sọ ní 1938 pé bí ìlú bá ń sọ fún gbogbo ọmọ pé kí wọ́n lówó, tí ọ̀nà owó kò sì ṣí fún gbogbo wọn, àwọn kan á fo fẹ́ǹsì. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Sutherland, ará Amẹ́ríkà bíi tirẹ̀, sọ̀rọ̀ lórí àwọn tó ń fi bírò jalè nínú ọ́fíìsì. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ wa nìyẹn?

Ẹ kìlọ̀ fún un o: ìṣirò wà níbẹ̀, ó pọ̀. Ọ̀pọ̀ tó sá fún mathematics ló bá a níwájú.

Ohun tó mú mi dúró sídìí iṣẹ́ yìí ni pé èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó wà lẹ́wọ̀n ní Nàìjíríà ni adájọ́ kò tíì dá lẹ́bi. Ẹni tí wọ́n ní ó jí fóònù, tí kò rí onídùúró, lè pẹ́ níbẹ̀ ju iye ọdún ẹ̀wọ̀n tí ilé ẹjọ́ ì bá dá fún un lọ. Ó yẹ kí ẹnì kan jókòó ka iye wọn, kó sì béèrè ìdí rẹ̀.

Wọ́dà Òkèsà
Òótọ́ lọ̀rọ̀ Ìyá Ìbejì. Bàbá, ẹ̀jẹ̀ òṣómàáló ló ń béèrè owó lára yín, mi ò bá yín jà. Ẹnu iṣẹ́ ni mo wà tí mo fi ka Criminology and Security Studies ní NOUN, yunifásítì tí èèyàn lè máa kà lẹ́nu iṣẹ́; Òṣogbo ni mo ń lọ. Wọn ò ní kí n ṣe JAMB, krẹ́díìtì márùn-ún ni wọ́n béèrè, English àti mathematics nínú rẹ̀.

Iṣẹ́ wà ní ọgbà ẹ̀wọ̀n, NDLEA, EFCC, Civil Defence, àti báńkì tó ń ṣọ́ àwọn gbájúẹ̀. Àmọ́ kò sẹ́ni tó ya àyè sọ́tọ̀ fún un; ẹni tó ka History pàápàá ń gba fọ́ọ̀mù kan náà. Láti ìgbà tí òfin 2019 ti sọ wá di Correctional Service ni ìyà tí kì í ṣe ẹ̀wọ̀n ti wọ inú iṣẹ́ wa, bíi kí èèyàn máa gbálẹ̀ ìlú dípò kó sùn sí sẹ́ẹ̀lì. A nílò ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú irú wọn.

Bàbá Fúnmi
Ẹ ṣé gan-an. Lọ́yà ńkọ́?

Ìyá Ìbejì Parakin
Ìwé yìí nìkan kò lè sọ ọ́ di lọ́yà. Tó bá parí, ó lè fi ìwé ẹ̀rí rẹ̀ gba Direct Entry, ìyẹn kó wọlé láì bẹ̀rẹ̀ láti ọdún kìíní, lọ ka òfin, kó tó wá lọ Law School tí wọ́n ti ń múra lọ́yà sílẹ̀. Ẹ má tíì gbé ìyẹn lé e lórí. Èló ló ní nínú mathematics?

Bàbá Fúnmi
C6.

Ìyá Ìbejì Parakin
Ó tó wọlé. Kó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka statistics, ìṣirò tí mo wí yẹn, láti ìsinsìnyí.