Ṣé èèyàn lè rántí ohun tí kò ṣojú rẹ̀?

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ràn mí lọ́wọ́. Ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980 ni omíyalé Ògùnpa ṣọṣẹ́ n'Ìbàdàn. Ọdún 1982 ni wọ́n bí mi. Síbẹ̀ mo rántí rẹ̀! Mo rí omi pupa tó ń wọ́ ilẹ̀kùn lọ, mo rí ara mi lẹ́yìn màámi.

Màámi ní Òkè Mápó làwọn sá lọ. Ẹ̀gbọ́n wọn ní rárá o, Òkè Àdó ni. Àwọn méjèèjì lè búra, n kò sì rò pé ẹnì kankan ń purọ́.

Mo mọ̀ pé lọ́dún 1974, Elizabeth Loftus àti John Palmer, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú àti ìhùwàsí ẹ̀dá, rí i pé ọ̀rọ̀ tí a fi bi èèyàn léèrè lè yí ohun tó rántí padà. Ṣé ìtàn tí mo ń gbọ́ láti kékeré ló wá di ìrántí mi? Mo fẹ́ gba ohùn màámi sílẹ̀ lóṣù yìí. Báwo ni kí n ṣe bi wọ́n, tí n kò fi ní ki ọ̀rọ̀ tèmi bọ̀ wọ́n lẹ́nu?