Ọkọ̀ oní-ìgbòkun fún èmi àti ọkọ mi: kí ló yẹ ká wò ká tó sanwó?

ỌmọÀgùdà_Àjàṣẹ́
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn wa. Àjàṣẹ́ ni mo ti ń kọ̀wé. Ọkọ mi ti fẹ̀yìntì, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ akẹ́rù ló fi gbogbo ayé ẹ̀ tún ṣe lójú òkun, èmi náà ti fi ṣọ́ọ̀bù lé àbúrò mi lọ́wọ́, àwọn ọmọ ti dàgbà, a wá ní ká ra ọkọ̀ oní-ìgbòkun tá a máa máa gbé inú ẹ̀, àwa méjèèjì péré. Ilé àgùdà ni wọ́n bí mi sí, ó ti pẹ́ tó ti ń wù mí kí n fojú ara mi rí Bàhíà ní Brazil, orí omi ni mo sì fẹ́ gbà débẹ̀. A ti rí ọ̀kan ní Mindelo ní Cape Verde, mítà 13, fáíbà ni. Ẹni tó ń tà á ní kò sí ohun tí ò sí nínú ẹ̀: sólà, fìríìjì, ẹ̀rọ tó ń sọ omi òkun di omi mímu, autopilot tó ń tukọ̀ fúnra ẹ̀, rédà, kódà ẹ̀rọ ìfọṣọ. Ẹ́ńjìnnì ẹ̀ wu ọkọ mi, yàrá ẹ̀yìn ló wù mí. Nínú gbogbo ẹrù yìí, èwo ló ṣe pàtàkì fún èèyàn méjì lójú agbami? Ṣé a sì lè gbé e wá sí ọ̀sà wa níbí ká máa gbé inú ẹ̀ ní Àjàṣẹ́ kí àkókò ìrìn tó tó?

Atukọ̀_Kútọnu
Ẹ kú iṣẹ́ o Tàǹtí. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ dáhùn ti ọ̀sà torí òun ló yá: kò ṣeé ṣe. Òpó ọkọ̀ mítà 13 máa ń ga tó mítà 17 tàbí 18 sókè omi, àwọn afárá Kútọnu ò ní jẹ́ kó wọ adágún Nokoué, kíìlì ẹ̀ nísàlẹ̀ náà sì máa wọ omi tó mítà 2, ẹ̀yin náà mọ bí ọ̀sà wa ṣe rí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Kódà tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi sí pọ́ọ̀tù Kútọnu, ìwọ̀-oòrùn ni omi òkun ti ń ṣàn bọ̀ létíkun wa tó ń lọ sí ìlà-oòrùn, atẹ́gùn náà láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn ló máa ń fẹ́ ní ọ̀pọ̀ oṣù, wíwá á rọrùn, pípadà ni wàhálà wà. Ọ̀rọ̀ àwọn ajalèlókun náà tún wà ńbẹ̀: ní 2020, nínú òṣìṣẹ́ ọkọ̀ 135 tí wọ́n jí gbé lójú òkun lágbàáyé, 130 ló jẹ́ lágbègbè òkun wa yìí, Gulf of Guinea. Ó ti dínkù gan-an látìgbà náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ fi ọkọ̀ yẹn sí Mindelo. Cape Verde wà nínú CEDEAO (ECOWAS) bíi tiwa, ẹ lè wọlé láìgba vísà kẹ́ ẹ lo 90 ọjọ́.

Ó wá ku ẹrù. Lójú agbami, ọkọ̀ tí èèyàn méjì wà nínú ẹ̀, ẹnì kan ló ń wà á, torí ẹnì kejì gbọ́dọ̀ sùn. Ibẹ̀ ni mo ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé ọkọ̀ náà jáde lọ́jọ́ tí atẹ́gùn fẹ́ dáadáa, kí ẹ̀gbọ́n wa káwọ́ gbera jókòó, kẹ́ ẹ̀yin fúnra yín dín ìgbòkun kù, kẹ́ ẹ yí ọkọ̀ padà, kẹ́ ẹ fa ìdákọ̀ró sókè. Tẹ́ ẹ bá lè ṣe é, ọkọ̀ yín nìyẹn. Tí apá yín ò bá ká a, bí sólà ẹ̀ bo gbogbo òrùlé, ẹ má rà á.

Autopilot dáa, àmọ́ iná ló ń jẹ, tó bá kú ní àárín òkun ẹ̀yin méjèèjì lẹ máa di ìtọ́kọ̀ mú tọ̀sán tòru, àárẹ̀ yẹn gan-an ló ń pa èèyàn. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ ní irú abẹ̀bẹ̀ tí wọ́n ń so mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ tí atẹ́gùn fúnra ẹ̀ fi ń tukọ̀, irú Hydrovane, kì í jẹ iná rárá. Ọ̀gbẹ́ni Henri Amel tó ń ṣe ọkọ̀ nígbà ayé ẹ̀ ní La Rochelle ní France ti ronú sọ́rọ̀ tọkọtaya yìí tipẹ́, Super Maramu tí wọ́n ṣe, mítà 16, òpó méjì, bọ́tìnì ni wọ́n fi ń ká ìgbòkun, ògiri inú ẹ̀ sì wà tí omi ò lè gbà kọjá. Ọkọ̀ gidi ni. Ṣùgbọ́n mọ́tò ló wà nídìí gbogbo bọ́tìnì, ẹ béèrè bóyá ọwọ́ lè ká a tí iná bá lọ.

Àwọn okùn irin tó di òpó mú ńkọ́? Tí wọ́n bá ti tó ọdún 10, ẹ kà á sí pé ẹ máa pààrọ̀ gbogbo ẹ̀, ẹ yọ owó ẹ̀ kúrò nínú iye tẹ́ ẹ máa san. Kẹ́ ẹ sì fowó ara yín gba ẹni tó máa yẹ ọkọ̀ wò lórí ilẹ̀, kì í ṣe ọ̀rẹ́ ẹni tó ń tà á.

Àbẹ̀kẹ́_OjúOmi
Tàǹtí, inú mi dùn sí yín gan-an. Èmi àti ọkọ mi ń gbé inú ọkọ̀. Yàrá ẹ̀yìn tó wù yín yẹn, èbúté nìkan lẹ ti máa sùn níbẹ̀, lójú òkun ìgbì á máa jù yín sọ́tùn-ún sósì, ibi tí oorun ti ṣeé sùn ni àárín ọkọ̀, lórí bẹ́ẹ̀dì tóóró tí wọ́n ta aṣọ sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ́ ẹ má bàa jábọ́. Ẹ wò ó bóyá ó ní méjì irú ẹ̀. Ẹ wo ilé ìdáná náà, kó há débi tẹ́ ẹ fi lè fi ìdí ti nǹkan tẹ́ ẹ bá ń dáná, kí sítóòfù lè máa mì tẹ̀lé ọkọ̀ kí ọbẹ̀ má dà sí yín lẹ́sẹ̀. Gáàsì wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, tó bá ń jò ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ló máa lọ kó ara jọ sí, nítorí náà inú àpótí tó ní ihò síta ni sìlíńdà gbọ́dọ̀ wà.

Ẹ̀rọ omi yẹn, ẹ lò ó, ẹ má gbára lé e. Lítà 8 lójúmọ́ fún ẹ̀yin méjèèjì ní 20 ọjọ́, lítà 160 nìyẹn, ẹ rí i pé ó wà nínú tánkì àti bìdọ́ọ̀nù kẹ́ ẹ tó gbéra, àní bí ẹ̀rọ náà ṣe tuntun.

Ohun tí mo fẹ́ bi yín gan-an nìyí: tí ẹ̀gbọ́n wa bá jábọ́ sómi, ṣé ẹ lè fà á wọlé? Ọkùnrin tí aṣọ ẹ̀ ti mu omi, ọwọ́ lásán ò lè gbé e. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fa ìgbòkun sókè lẹ máa fi gbé e, ẹ fi dánra wò ní èbúté, kóun náà fà yín jáde.

ỌmọAlákétu
Kí n fi díẹ̀ kún un. Ọkọ̀ akẹ́rù tó ń sá máìlì 20 ní wákàtí kan, kẹ́ ẹ̀yin náà máa sá 6 lọ pàdé ẹ̀, tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ rí iná ẹ̀ ní máìlì 8, ó ku nǹkan bí ìṣẹ́jú 18 kó dé ọ̀dọ̀ yín. Nítorí náà kẹ́ni tó wà lójúfò má dijú ju ìṣẹ́jú 15 lọ. Ẹ̀rọ AIS tó ń fi ọkọ̀ yín hàn àwọn ẹlòmíì ni kẹ́ ẹ ní, èyí tó kàn ń gba tiwọn nìkan ò tó. Tí EPIRB, ẹ̀rọ tó ń ké pe ìrànlọ́wọ́ nígbà ewu, bá sì ti wà ńbẹ̀, ẹ wo ọjọ́ tí bátìrì ẹ̀ máa parí, kẹ́ ẹ sì yí i sí orúkọ yín, ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ ni wọ́n máa pè tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́.

ỌmọÀgùdà_Àjàṣẹ́
Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun púpọ̀. Mo ka ti Àbẹ̀kẹ́ sétí ọkọ mi, ó dákẹ́, ó wá ní òótọ́ ni. A máa lọ dán ọkọ̀ náà wò. Bàhíà ńkọ́, báwo lọ̀nà ẹ̀ ṣe rí láti Mindelo?

Atukọ̀_Kútọnu
Ó tó 2,000 máìlì òkun, ẹ fi í sí ọjọ́ 17 sí 20. Ẹ máa forí lé gúúsù, nítòsí ìlà tó pín ayé sí méjì atẹ́gùn á kú, òjò àti ìjì kékeré á máa já lu yín lójijì, ibẹ̀ lẹ máa lo gasoil, ẹ má jó o dànù ṣáájú. Tẹ́ ẹ bá ti sọdá, atẹ́gùn gúúsù ìlà-oòrùn á máa fẹ́ láti apá òsì títí dé Salvador, olú ìlú Bàhíà. Ẹ má sún mọ́ igun Brazil jù kẹ́ ẹ tó sọdá, omi ibẹ̀ á gbé yín lọ sí àríwá. Ìjì líle tó ń da Caribbean láàmú láti oṣù kẹfà sí oṣù kọkànlá kì í dé Bàhíà. Ẹ ta ẹ̀rọ ìfọṣọ yẹn, kẹ́ ẹ fowó ẹ̀ ra abẹ̀bẹ̀ tí mo sọ, ó lè má tó, ẹ fi kún un. Tẹ́ ẹ bá ti rí ìwé tó sọ ọdún tí wọ́n pààrọ̀ okùn irin òpó, ẹ fi sí ibí ká jọ wò ó.