Ẹ gbà mí nímọ̀ràn o: mi ò ní dìgírì, ibi tíṣẹ́ bá wà ni màá kó lọ

Àbẹ̀kẹ́:
Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ má bínú tọ́rọ̀ mi bá gùn, ó ti kún mi dé ọ̀fun ni. Iṣẹ́ ni mò ń wá, mi ò sì ní dìgírì. Sẹ́kọ́ńdìrì ni mo kà mọ, owó ló dá mi dúró, kì í ṣe pé mi ò mọ̀wé, àwọn tí mò ń ṣàlàyé ìṣirò fún ní kíláàsì nígbà yẹn ti jáde yunifásítì báyìí, àwọn kan ò tiẹ̀ kí mi mọ́. Mo ti sọ fún gbogbo èèyàn pé ibi yòówù kíṣẹ́ wà màá kó lọ, ì báà jẹ́ ìlú tí mi ò mọ ẹnì kankan, ì báà jẹ́ òkè òkun. Mi ò lọ́kọ, mi ò tíì bímọ, báàgì méjì ni gbogbo ẹrù mi.

Ohun tó ń bí mi nínú jù ni fọ́ọ̀mù tí wọ́n ní ká máa kún lórí fóònù yìí. Èyí tí mo kún lálẹ́ àná, iṣẹ́ ká máa gba àlejò ká máa gbé fóònù ni o. Mo kọ orúkọ, mo kọ ọjọ́ orí, mo dé ibi tí wọ́n ti ní kí n mú ìwé ẹ̀rí tí mo ní. Mo tẹ̀ ẹ́, ó ṣí, dìgírì àkọ́kọ́, dìgírì kejì, dókítà, ó parí. Sẹ́kọ́ńdìrì ò sí ńbẹ̀ rárá. Mo ní kí n fò ó, mo tẹ Next, ojú ibẹ̀ kàn pọ́n ni, kò lọ. Ṣé torí kéèyàn lè sọ pé "ẹ káàárọ̀ sà, ẹ jókòó" ló ṣe máa lọ yunifásítì ọdún mẹ́rin? Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tí wọ́n talẹ̀ rán nílé ìwé ló tún wá ń sọ níwájú gbogbo ilé pé kí n lọ wá ọkọ fẹ́ kí n yéé dààmú ara mi. Láti ọjọ́ yẹn mi ò bá a sọ̀rọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, iṣẹ́ wo ni mo lè ṣe, ibo ni mo lè lọ?

Dáúdà Tírélà:
Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́. Èmi náà ò ní dìgírì, tírélà ni mò ń wà. Ọmọọṣẹ́ ni mo kọ́kọ́ jẹ́, mò ń sùn sábẹ́ ọkọ̀, mò ń gbé wẹ́ẹ̀jì sẹ́yìn táyà, ọ̀gá mi ò fi sitẹ́ẹ̀rìn kàn mí títí mo fi kó kúrò lọ́dọ̀ ẹ̀ lọ sílùú míì. Ibẹ̀ ni mo ti gba láísẹ́ǹsì ọkọ̀ ńlá. Wọn ò béèrè dìgírì lọ́wọ́ dírẹ́bà níbi kankan, láísẹ́ǹsì àti ojú tó ríran ni wọ́n ń béèrè. Bó o bá sì fẹ́ lọ sí Yúróòpù, yàtọ̀ sí láísẹ́ǹsì wọ́n á tún ní kó o gba CPC, ìwé ẹ̀rí ìmọ̀ iṣẹ́ dírẹ́bà ọkọ̀ ńlá, wákàtí 35 lèèyàn ń fi kẹ́kọ̀ọ́ kún un ní ọdún 5 sí 5. Lọ kọ́ mọ́tò.

Màmá Tọ́lá:
Ìwọ ọmọ yìí, o kọ̀wé gùn títí, o sọ ti ẹ̀gbọ́n ẹ, o sọ ti fọ́ọ̀mù, o ò sọ nǹkan tó o mọ̀ ọ́n ṣe. Ọmọ ọdún mélòó ni ẹ́? Èdè wo lo gbọ́? O ní owó tó o lè fi jẹun fún oṣù méjì bó o bá dé ìlú àjòjì? Ká ní dókítà lo wá bá, o ò tíì sọ ibi tó ń dùn ẹ́.

Àbẹ̀kẹ́:
Màmá, ẹ ṣé. Ohunkóhun ni mo lè kọ́ mà. Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi tí mo sọ, torí ó dùn mí ni. Ọmọ ogún ọdún ó lé díẹ̀ ni mí. Bọ̀dá Dáúdà, ẹ ṣé, àmọ́ mi ò rò pé mo lè máa sùn lójú ọ̀nà gẹ́gẹ́ bí obìnrin.

Dáúdà Tírélà:
Obìnrin ń wà tírélà o.

Ọlámidé Akàwé:
Kí ẹ má tan ọmọ ọlọ́mọ. Dìgírì ṣì ni nǹkan. Kó lọ ṣe èyí tí wọ́n ń fi íntánẹ́ẹ̀tì kà, kó máa ṣiṣẹ́ kó máa kàwé, lẹ́yìn ọdún bíi mélòó kan gbogbo fọ́ọ̀mù tó ń pọ́n yẹn máa ṣí fún un.

Kúnlé Wáyà:
Ọlámidé, ọdún mélòó kan yẹn, kí ló fẹ́ máa jẹ? Ìyẹn náà ti ń yí padà. Ní Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ Maryland yọ dìgírì kúrò lára ohun tí wọ́n ń béèrè fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún iṣẹ́ ìjọba wọn ní 2022, IBM, ilé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ńlá yẹn, náà ti ń gba àwọn tí ò ní dìgírì ṣáájú ìgbà yẹn.

Ọlámidé Akàwé:
Ṣé Maryland ló máa fún un ní físà ni? Ẹ sọ èyí tó kàn án.

Màmá Tọ́lá:
Ẹ̀yin méjèèjì ẹ dákẹ́ ariwo. Mo tún béèrè o, kí lo mọ̀ ọ́n ṣe?

Ìyá Ìbejì:
Ọmọ mi, má sunkún. Èmi tí mò ń kọ̀wé yìí, bẹ́ẹ̀dì ni mo kọ́kọ́ ń tẹ́ ní hòtẹ́ẹ̀lì nílùú tí mi ò gbọ́ èdè wọn dáadáa, èmi ni mò ń mójú tó sítọ́ọ̀ wọn báyìí. Ohun tó jẹ́ kí n lè kó lọ ni pé wọ́n ń fún òṣìṣẹ́ ní yàrá. Ẹni tí ò lówó ilé, irú iṣẹ́ tó ní ibùgbé nínú bẹ́ẹ̀ ni kó máa wá, hòtẹ́ẹ̀lì, ọkọ̀ ojú omi, ibi tí wọ́n ti ń kọ́ afárá, ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà. Má sì kọ "mo ṣe tán láti kó wá" lásán sínú lẹ́tà ẹ, wọn kì í gbà á gbọ́. Kọ ọjọ́ tó o lè bẹ̀rẹ̀, kọ ọ́ pé ìwọ lo máa san owó ọkọ̀ ẹ.

Mi ò tiẹ̀ ráyè kọ gbogbo ẹ̀, inú wàhálà ni mo wà. Kóòdù rúùmù wa, yàrá tútù tá a ń kó nǹkan sí kó má bàjẹ́, ò tutù mọ́ láti ìjẹta, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti wá da gáàsì sí i lóṣù yìí, yìnyín kàn ń bo páìpù tó wà nínú, nǹkan ń bàjẹ́, èmi ni wọ́n ń bi.

Àbẹ̀kẹ́:
Màmá Ìbejì, ẹ má jẹ́ kí wọ́n da gáàsì sí i mọ́ o. Gáàsì kì í jó tán bí epo mọ́tò, ó kàn ń lọ tó ń bọ̀ nínú páìpù ni, tó bá dínkù, ó ń jò nìyẹn. Kí wọ́n tú ìyókù ẹ̀ sínú sìlíńdà, kí wọ́n fi náíítírójìn tẹ̀ ẹ́, ìyẹn ni kí wọ́n fẹ́ ẹ sínú páìpù kó le, kí wọ́n fi ọṣẹ tó hó pa gbogbo oríkèé páìpù kọ́pà yẹn, pàápàá ibi tí nọ́ọ̀tì wà nítòsí fáànù inú. Ibi tó bá ń yọ ìfófò ni. Ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni fi ọ́síjìn tẹ̀ ẹ́ o, ọ́síjìn pẹ̀lú ọ́ìlì inú kọ̀mpírẹ́sọ̀ máa bú gbàù, ó lè pa èèyàn. Tí wọ́n bá dí i tán, kí wọ́n fi ẹ̀rọ fà á dáadáa kí afẹ́fẹ́ àti omi jáde, kí wọ́n wọn gáàsì lórí ìwọ̀n bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára ẹ̀, kì í ṣe kí wọ́n máa fojú díwọ̀n. Ẹ sì wo rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn, ẹ fi bébà há a, ẹ fà á, tó bá yọ wẹ́rẹ́, afẹ́fẹ́ gbígbóná ń wọlé níbẹ̀, ó máa dá kún yìnyín yẹn.

Kúnlé Wáyà:
Ẹ dúró. Ta ló kọ́ ẹ ní gbogbo eléyìí?

Màmá Tọ́lá:
Háà! Àbẹ̀kẹ́! Mo bi ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì!

Àbẹ̀kẹ́:
Ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mi ni mà. Láti ìgbà tí mo ti jáde sẹ́kọ́ńdìrì ni mo ti wà ńbẹ̀, A/C, fíríìjì, fírísà. Iṣẹ́ tí mo fẹ́ fi sílẹ̀ ni, ìdí tí mi ò ṣe dárúkọ ẹ̀ nìyẹn. Ẹ ò mọ nǹkan tójú mi ń rí. Tí mo bá dé ilé oníbàárà pẹ̀lú àpótí irinṣẹ́, wọ́n á ní "ọ̀gá ẹ dà?" Mo lè tún un ṣe tán kí wọ́n máa dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọkùnrin tó bá mi gbé àkàbà. Ọ̀gá mi ń rìnrìn àjò, èmi ló ń fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún, àmọ́ kò kọ̀wé kankan fún mi, tí mo bá béèrè á ní kí ni mo fẹ́ fi ṣe. Iṣẹ́ tí mo máa wọ aṣọ tó mọ́ lọ ni mo fẹ́.

Ọlámidé Akàwé:
Ó lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ẹ má fipá so ó mọ́ iṣẹ́ tí ò fẹ́.

Kúnlé Wáyà:
Ta ló fipá so ó? Iṣẹ́ tí ìlú púpọ̀ ń wá èèyàn fún ló wà lọ́wọ́ ẹ̀ yìí, kó má fi sílẹ̀ tọwọ́ ẹ̀ ò tíì ba òmíì. Àbúrò mi, gbọ́ o, wáyà ni mò ń ṣe, mo sì ń bá àwọn oní A/C ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́. Ní Amẹ́ríkà, ìwé tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń fọwọ́ kan gáàsì ni EPA 608. Ìdánwò ni, kì í ṣe yunifásítì, kò sẹ́ni tó máa bi ẹ́ ní dìgírì, o bá sì gbà á tán kì í kú. Ní Yúróòpù wọ́n ní tiwọn tí wọ́n ń pè ní F-gas. Ìwé yẹn ò fún ẹ ní físà o, àmọ́ tí físà bá máa wà, irú ẹ̀ ló máa jẹ́ kí wọ́n dá ẹ lóhùn. Nǹkan kejì, gáàsì ń yí padà. Àdéhùn Montreal ti 1987, èyí tí àwọn orílẹ̀-èdè fi dẹ́kun gáàsì tó ń ba ìpele ósóònù ojú òfuurufú jẹ́, ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, gáàsì R-22 tí gbogbo ṣọ́ọ̀bù mọ̀ yẹn, Amẹ́ríkà ò ṣe é mọ́ kò sì kó o wọlé mọ́ láti 2020. R-32 àti R-290 ló ń gbòde, méjèèjì ló lè gbiná, R-290 gan-an le jù torí propane ni, irú gáàsì tí wọ́n fi ń dáná. Ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀gá àtijọ́ ò kọ́ èyí. Bó o bá mọ bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ kan án láìjóná, o ti yọrí láàárín wọn.

Màmá Tọ́lá:
Kó sì lọ ṣe trade test. Wọ́n á gbé ẹ̀rọ tó bàjẹ́ sí i níwájú, á tún un ṣe lójú wọn, wọ́n á fún un níwèé. Ọ̀gá tí ò kọ̀wé yẹn ò ní lè dí i lọ́wọ́ mọ́. Lọ bẹ àwọn oníbàárà tó o tún tiwọn ṣe, kí wọ́n kọ ìlà méjì mẹ́ta pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù wọn.

Dáúdà Tírélà:
Kó kọ́kọ́ bẹ ọ̀gá ẹ̀ ná. A kì í jà kúrò lẹ́nu iṣẹ́.

Màmá Tọ́lá:
Ta ló ní kó jà? Wọ́n ti ń fi bíbẹ̀ pa á láti ọjọ́ yìí.

Àbẹ̀kẹ́:
Ẹ ṣé gbogbo yín, ẹ ṣé bọ̀dá Kúnlé. Àmọ́ kí n sọ òótọ́, iṣẹ́ kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sí i fún mi lókè òkun, ìyẹn ló jẹ́ kí n wá béèrè. Ẹnì kan tí wọ́n júwe fún mi ló ń bá mi ṣe é, iṣẹ́ ilé ni, màá máa gbé lọ́dọ̀ wọn. Ó ní kí n mú díẹ̀ wá nínú owó tó máa gbà lórí ẹ̀, wọ́n á máa yọ ìyókù lára owó oṣù mi, pásípọ́ọ̀tù mi á sì wà lọ́wọ́ àwọn tí mo ń bá ṣiṣẹ́ títí owó yẹn á fi tán. Ọjọ́ Ẹtì ló fẹ́ kí n mú un wá. Èèyàn dáadáa ni, ó máa ń pè mí.

Ìyá Ìbejì:
Jésù! Àbẹ̀kẹ́, má gbé pásípọ́ọ̀tù ẹ fún ẹnì kankan.

Kúnlé Wáyà:
Gbogbo ohun tá a ti ń sọ láti àárọ̀, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ná. ILO, àjọ tó ń rí sọ́rọ̀ iṣẹ́ lágbàáyé, kọ àmì 11 sílẹ̀ tí wọ́n fi ń dá iṣẹ́ àfipáṣe mọ̀. Kí wọ́n gba ìwé ìdánimọ̀ èèyàn pa mọ́ wà ńbẹ̀, gbèsè téèyàn ń fi iṣẹ́ san wà ńbẹ̀. Méjèèjì lo fẹnu ara ẹ sọ yìí. Àdéhùn wọn nọ́ńbà 181 ti 1997 sì sọ pé ájẹ́ńtì tó ń wáṣẹ́ féèyàn ò gbọ́dọ̀ gbowó lọ́wọ́ òṣìṣẹ́. Ìlú tó gbà á wà, ìlú tí ò gbà á wà, àmọ́ ẹni tó bá gbowó tó tún gba pásípọ́ọ̀tù, sá fún un.

Màmá Tọ́lá:
Ṣé o ti sanwó? Èyí ni kó o dá mi lóhùn kíákíá.

Àbẹ̀kẹ́:
Mi ò tíì san nǹkan kan mà. Fọ́tò pásípọ́ọ̀tù nìkan ni mo fi ránṣẹ́. Kò dà bí ẹni burúkú o, obìnrin bíi tiwa ni.

Màmá Tọ́lá:
Ní kó fi àdéhùn iṣẹ́ ránṣẹ́ sí ẹ, pẹ̀lú orúkọ àti àdírẹ́sì àwọn tó o fẹ́ bá ṣiṣẹ́, iye owó oṣù, wákàtí, ọjọ́ ìsinmi, ẹni tó ń san owó ọkọ̀ òfuurufú. Kó o tó lọ, gbé e dé ilé iṣẹ́ aṣojú orílẹ̀-èdè náà, kó o bi wọ́n. Bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í bínú, o ti mọ èsì ẹ̀.

Ìyá Ìbejì:
Àbẹ̀kẹ́, o ṣì wà ńbẹ̀? Mo ka nǹkan tó o kọ fún ọ̀gá tó ń rí sí ẹ̀rọ wa. Ìdí nọ́ọ̀tì tó o sọ yẹn gan-an ló ti ń jò, ìfófò rẹpẹtẹ. Ó ní ta ni, mo ní ọmọ mi kan ni. Mi ò ṣèlérí iṣẹ́ fún ẹ o, èmi kọ́ ni mò ń gbani, àmọ́ ó ní àwọn ò ní ẹnikẹ́ni tó ń tọ́jú àwọn A/C yàrá, ìta ni wọ́n ti ń pe èèyàn, ó sì fẹ́ bá ẹ sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Fi nọ́ńbà ẹ ránṣẹ́ sí mi níkọ̀kọ̀, má kọ ọ́ síbí.

Àbẹ̀kẹ́:
Mo ti fi ránṣẹ́ mà, ẹ ṣé gan-an mà. Ẹni tọjọ́ Ẹtì yẹn, mo ti béèrè àdéhùn lọ́wọ́ ẹ̀ báyìí, ó ti kà á, kò tíì fèsì. Mi ò tíì sọ pé mi ò fẹ́ iṣẹ́ ọ́fíìsì mọ́ o, ẹ̀yin ará, kí bọ̀dá Kúnlé má rò pé mo ti gbà. Àmọ́ Màmá Ìbejì, ẹ bá mi bi wọ́n kí n tó bá ọ̀gá yẹn sọ̀rọ̀: yàrá tí wọ́n ń fún òṣìṣẹ́, ṣé wọ́n ń yọ owó ẹ̀ lára owó oṣù? Ṣé wọ́n máa kọ ọ́ sílẹ̀ fún mi? Irinṣẹ́ tèmi ni màá kó wá àbí wọ́n ní tiwọn? Géèjì ọ̀gá mi, èyí tá a fi ń mọ bí gáàsì ṣe le tó nínú páìpù, ni mò ń lò, mi ò ní tèmi.