Áàpù tí kò ṣeé yọ lórí fóònù Android

Ní ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn, ẹnìkan fi fáìlì kan ránṣẹ́ sí màmá mi, ó ní ìwé ìpè sí ìgbéyàwó ni. Orúkọ fáìlì náà parí sí .apk, èyí tó fi hàn pé áàpù ni, kì í ṣe àwòrán, ṣùgbọ́n wọ́n ti gbé e sórí fóònù wọn, wọ́n sì ti fún un ní àṣẹ Accessibility, tó ń jẹ́ kí áàpù ka ohun tó wà lójú fóònù kí ó sì máa tẹ bọ́tìnnì fúnra rẹ̀.

Láti ìgbà náà, bí mo bá ti ṣí ibi tí a ti ń yọ áàpù, kí ìka mi tó kan "Uninstall", ojú ewé náà á ti pa dé, àfi bí ẹni pé ẹnìkan ń ṣọ́ mi. Play Protect, ètò Google tó ń ṣàyẹ̀wò áàpù búburú lórí fóònù, rí i, kò lè yọ ọ́. Mo tan fóònù náà sí safe mode, níbi tí irú áàpù bẹ́ẹ̀ kì í ti í ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n bọ́tìnnì náà kò ṣeé tẹ̀, áàpù náà kò sì hàn láàárín àwọn tó ní àṣẹ alábòójútó fóònù, àṣẹ tí kì í jẹ́ kí a lè yọ áàpù. Mo ti pa íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀, mo sì ti fi kọ̀ǹpútà mi yí ọ̀rọ̀ aṣínà ímeèlì wọn padà.

Ó kù kí n pa gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀ rẹ́, àmọ́ àwòrán wọn kò sí níbòmíràn. Bí mo bá fi okùn USB kó àwọn àwòrán náà nìkan sórí kọ̀ǹpútà kí n tó pa á rẹ́, ṣé ewu kankan wà pé áàpù náà yóò bá wọn wọlé?