Òjíá ni ká máa pè é: èsì lórí "oje igbó" àti "irúgbìn ìbílẹ̀"

Ẹ̀yin ẹlẹ́gbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ èdè.

Mo ka ìwé tí ẹ̀gbọ́n wa láti Òmù-Àrán fi ránṣẹ́ lánàá, mo sì kà á lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ń túmọ̀ àpilẹ̀kọ kan lórí irúgbìn igbó (ewéko tí òyìnbó ń pè ní cannabis) tí àwọn àgbẹ̀ orí òkè Afghanistan àti Íńdíà ń tọ́jú láti ìran dé ìran, àti lórí bí ohun olóòórùn tó ń jáde lára igi àti òdòdó ṣe di tùràrí àti lọ́fínńdà láyé àtijọ́. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni wọ́n ní ká bá àwọn yẹ̀ wò. Ohun tó ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́ lára òdòdó igbó, tí òyìnbó ń pè ní resin, wọ́n pè é ní "oje igbó". Irúgbìn àwọn àgbẹ̀ yẹn, tí òyìnbó ń pè ní landrace, wọ́n pè é ní "irúgbìn ìbílẹ̀". Lọ́fínńdà, wọ́n pè é ní "omi olóòórùn dídùn". Iṣẹ́ gidi ni wọ́n ṣe, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó tẹ́ mi lọ́rùn nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ti àkọ́kọ́ ló dùn mí jù, torí pé ọ̀rọ̀ tó yẹ ibẹ̀ ti wà nílẹ̀, inú ọ̀dàn àyíká Ìlọrin níbí ló sì ti hù.

Oje ni ohun tó bá ń ṣẹ̀ lára ewéko tí a bá gé e tàbí tí a bá fún un. Oje ìbẹ́pẹ funfun, oje rọ́bà ń fà, oje ọsàn ṣeé mu. Ọ̀rọ̀ náà fẹ̀ bí ọjà. Ohun tí ẹ̀gbọ́n ń wá orúkọ fún kò fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀: kì í yòrò nínú omi, bó bá pẹ́ níta, á le, iná ń ràn án, bó bá sì jó, òórùn rẹ̀ á gba gbogbo ilé. Bí a bá pe èyí náà ní oje, a ò tíì sọ nǹkan kan.

Kì í sì í ṣe gọ́ọ̀mù. Ẹni tó bá lọ ilé kéú ní Ìlọrin ti fọwọ́ kan ìyàtọ̀ yìí láti kékeré. Gọ́ọ̀mù igi ẹlẹ́gùn-ún tó ń ti òkè Hausa wá ni wọ́n ń pò mọ́ tàdáà (yíǹkì ilé kéú) kó lè di wàláà (pátákó ìkọ̀wé) mú. Bí áfáà bá ní ká fọ wàláà, omi lásán la ó bù, a ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa á, omi dúdú á máa ṣàn gba àárín ìka wa, pátákó á sì mọ́. Ẹni tó fẹ́ mu hàǹtú, ìyẹn omi tí a fi fọ ọ̀rọ̀ Kùránì kúrò lára wàláà, omi dúdú yẹn náà ni yóò mu. Gọ́ọ̀mù ń yòrò ni gbogbo èyí fi ṣeé ṣe. Ká ní ohun tí à ń sọ yìí ni wọ́n pò mọ́ tàdáà, à bá fọ wàláà títí ilẹ̀ á fi ṣú, kò ní kúrò. Ọtí líle ló ń yọ́ ọn, omi kọ́.

Kí wá ni orúkọ rẹ̀? Igi kan wà nínú ọ̀dàn wa, tó ga, tí àwọn kan ń pè ní igi ìyá, tí àwọn mìíràn ń pè ní òjíá. Àwọn Hausa ń pè é ní maje. Àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é ní Daniellia oliveri. Bí wọ́n bá lu ihò sí ara rẹ̀, ohun kan tó ki, tó ń ta sánsán, á máa sun jáde. Wọ́n ń jó o láti fi òórùn dídùn sára aṣọ àti sínú yàrá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ orúkọ tí àwọn oníṣòwò òyìnbó fún un nínú ìwé wọn: Ilorin balsam. Orúkọ ìlú wa ni wọ́n fi ń ta á! Ó ká mi lára pé òyìnbó fi Ìlọrin dá òjíá mọ̀, kí àwa ọmọ Ìlọrin wá jókòó, ká máa pè é ní oje.

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ. Wọ́n á ní òjíá ti jẹ́ ti Bíbélì, pé ẹni tó bá gbọ́ ọ, Mátíù orí kejì ló máa rántí, níbi tí àwọn amòye ti gbé wúrà, tùràrí àti òjíá wá. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n òjíá tí Mátíù ń sọ, lára igi Commiphora ní ilẹ̀ Lárúbáwá àti Sòmálíà ló ti ń wá, igi yẹn ò sì hù ní Òṣogùn níbi tí wọ́n ti bí Samuel Ajayi Crowther, aṣáájú àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá. Ohun tí mo rí nínú ẹ̀ ni pé àwọn tó túmọ̀ Bíbélì wo ohun tó wà lọ́wọ́ wọn tó jọ ọ́, wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ pè é. Tùràrí tó wà nínú ẹsẹ yẹn kan náà, ẹnu Hausa la ti gbà á. Iṣẹ́ olùtumọ̀ nìyẹn, wọ́n sì ṣe é dáadáa. Ẹ jẹ́ káwa náà na òjíá síwájú díẹ̀: òjíá fún gbogbo irú ohun bẹ́ẹ̀, òjíá Lárúbáwá fún ti Mátíù, òjíá igbó fún èyí tí ẹ̀gbọ́n ń túmọ̀.

Wọ́n lè ní igbó kì í ṣe igi, kò sí ihò tí ẹnikẹ́ni ń lu sí i lára. Bẹ́ẹ̀ ni, òjíá tirẹ̀ kì í ṣàn. Orí irun wínníwínní tó wà lára òdòdó abo rẹ̀ ló ń kó jọ sí, orí irun kọ̀ọ̀kan rí roboto bí orí píìnì, ẹ̀rọ tó ń sọ nǹkan di ńlá la fi ń rí i dáadáa. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè Himalaya, wọ́n ń fi àtẹ́lẹwọ́ ra òdòdó tútù títí òjíá á fi bo ọwọ́ wọn. Ní Afghanistan, wọ́n á jẹ́ kó gbẹ, wọ́n á sì fi aṣọ jọ̀ ọ́. Ohun tó ń fún un lóòórùn, a ń bá a níbòmíràn: ọ̀kan nínú wọn ló wà lára èèpo ọsàn, òmíràn nínú ata dúdú, òmíràn nínú tùràrí gan-an.

Ní Tel Arad, ní ilẹ̀ Júdà àtijọ́, pẹpẹ méjì ni wọ́n bá nínú ojúbọ kan. Ní 2020, àwọn tó yẹ ohun tó gbẹ mọ́ orí wọn wò kéde pé tùràrí tí wọ́n pò mọ́ ọ̀rá ẹran ni wọ́n jó lórí èyí tó tóbi, igbó tí wọ́n pò mọ́ ìgbẹ́ ẹran ni wọ́n jó lórí kékeré. Ẹ gbìyànjú láti kọ gbólóhùn yẹn pẹ̀lú "oje". Ẹni tó kà á á rò pé wọ́n ń da omi sórí iná.

(Òfin 1966 lórí igbó àti òfin 1989 tó dá NDLEA, àjọ tó ń gbógun ti oògùn olóró ní Nàìjíríà, sílẹ̀ kò yí padà nítorí pé a fún nǹkan lórúkọ. Ìtumọ̀ la ń ṣe.)

Ó di ọ̀rọ̀ kejì. Bí a bá ní "irúgbìn ìbílẹ̀", ìbílẹ̀ ta ni? Òǹkàwé á rò pé ilẹ̀ Yorùbá ni. Èmi náà ti fẹ́ sọ pé ká kàn fi "ìbílẹ̀ tiwọn" túmọ̀ rẹ̀, àfi ìgbà tí mo rántí àgbàdo. Láti Amẹ́ríkà ni àgbàdo ti wá, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó máa sọ fún ìyá ìyá mi l'Ọ́fà pé àgbàdo tó wà lókè ààrò òun kì í ṣe ìbílẹ̀. Wọ́n á fi háhá so ṣírí méjì-méjì pọ̀, wọ́n á gbé e kọ́ sókè iná ìdáná, èéfín á pa á dúdú, kòkòrò ò ní débẹ̀. Bí òjò bá dé, wọ́n á gbọn hóró orí àti hóró ìdí dànù sí agbada adìyẹ, àárín nìkan ni wọ́n ń gbìn. Wọ́n á ní, "Irú yìí mọ ilẹ̀ wa."

Èmi ò rí ìtumọ̀ tó ju ìyẹn lọ. Ibi tí irúgbìn ti ṣẹ̀ wá kọ́ ni ọ̀rọ̀ náà ń sọ. Ọdún tí òun àti ilẹ̀ ti jọ lò ló ń sọ. Igbó dà bí àgbàdo, afẹ́fẹ́ ló ń gbé àtíkè akọ rẹ̀ lọ bá abo. Bí wọ́n bá gbin irú àjèjì sí àfonífojì kan náà, kì í pẹ́ tí ti àtijọ́ á fi dàrú. Mo dábàá "irú amọlẹ̀". Ẹni tó bá ní irú ọbẹ̀ ló máa sọ sí òun lọ́kàn, "amọlẹ̀" tó tẹ̀lé e á yanjú rẹ̀.

Ẹ̀kẹta kò gba ariwo. Ọ̀rọ̀ tí òyìnbó ń lò fún lọ́fínńdà, inú èdè Látìnì ló ti wá, per fumum, "nípasẹ̀ èéfín". Herodotus, òpìtàn Gíríìkì àtijọ́, kọ ọ́ pé àwọn ará Scythia, àwọn darandaran ayé ìgbà náà, ń da hóró igbó sórí òkúta gbígbóná nínú àgọ́, àti pé àwọn obìnrin wọn ń lọ igi kédárì àti igi tùràrí mọ́ omi, wọ́n fi ń kun ara. Ti iná àti ti ara kò jìnnà síra níbẹ̀. Ní Ìlọrin, a ṣì ń da tùràrí sórí ẹyin iná nínú àpáàdì, a ó da apẹ̀rẹ̀ bò ó, a ó tẹ́ aṣọ ìyàwó lé e. Hausa ń pe méjèèjì ní turare. Ẹ jẹ́ ká pe ọ̀kan ní tùràrí oníná, èkejì ní tùràrí olómi, kí lọ́fínńdà sì wà fún ẹni tó bá wù.

Ìbéèrè kan ló kù, mo sì ń retí èsì rẹ̀ gan-an. Ẹ̀yin ará Ṣàárẹ́, ẹ̀yin ará Ìlọ́fà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọdẹ àgbà nílé, ẹ bá wa bi wọ́n: igi ìyá ni wọ́n ń pè é, àbí òjíá? Bí wọ́n bá ṣe pè é gan-an ni kẹ́ ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́, pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀.