Wúùlù Lerwick lórí àbúrò mi

Ìyá Ìbejì, Kubwa:
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbé òwú tá a fi ń hun nǹkan wálé láti òkè òkun rí, ẹ sọ tiyín. Tèmi rèé.

Mo lọ bá ọmọ mi tọ́jú ọmọ tuntun ní Aberdeen, ní Scotland. Nígbà tára ọmọ mi le díẹ̀, a wọ ọkọ̀ ojú omi alẹ́ lọ sí Lerwick, ní erékùṣù Shetland. Ilẹ̀ ti mọ́ ká tó gúnlẹ̀. Nínú ṣọ́ọ̀bù òwú, aláwọ̀ pupa àti búlúù lọmọ mi ń fà. Mo kọ̀. Aláró ò wọ́n wa nílé, Kano ò sì jìnnà sí wa. Èyí tí wọn ò rẹ láró rárá ni mo mú, àwọ̀ ara àgùntàn gan-an tí wọ́n ń pè ní moorit. Ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú bíi sányán ìyá mi. Gíráàmù 25 ni róòlù kan, mo ra mẹ́wàá.

Mo gbé e sórí àpótí nílé, mi ò bá ẹnikẹ́ni sọ nǹkan kan. Àṣìṣe mi nìyẹn. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé tá a bá ti ní wúùlù níbí, irun dídì ló kù. Brazilian wool tí gbogbo wa ń dì ò sì bá ẹran kankan tan, rọ́bà tí wọ́n fà bí òwú ni. Àbúrò mi kó róòlù mẹ́jọ lọ bá onídìrí.

Irun náà dára, mi ò ní purọ́. Àfìgbà tí onídìrí ṣá láítà sí i kẹ́nu ẹ̀ lè dì. Kò yọ́, kò dì. Ó rún di eérú dúdú mọ́ ọn lọ́wọ́, ó sì ń rùn bí orí àgbò Iléyá tó wà lórí iná. Àbúrò mi figbe ta, ó di orí mú: “Irun mi lò ń jó!”

Ó dé gèlè wálé. “Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ rà yìí?”

Mo ti wá ń lo ọgbọ́n yẹn ní ọjà Wuse o. Kí n tó sanwó, mo máa ń ja fọ́nrán kan, màá ṣáná sí i. Tó bá yọ́ tó sì le gbagidi, rọ́bà ni. Wúùlù gidi máa ń rún di eérú, á sì máa rùn bí irun tó ń jó. Òwú oko ló máa ń jó bíi bébà.

Ìyá Dámi, Jos:
Ẹ pa mí lẹ́rìn-ín! Wúùlù Iceland tí wọ́n ń pè ní lopi lèmi gbé wá. Mi ò lè wọ súwẹ́tà tí mo fi hun ní Abuja, ooru! Ọyẹ́ Jos ló gbà mí, àmọ́ ó ń yún mi lọ́rùn. Ẹ fi káńfọ̀ sí tiyín o, kòkòrò ti lu tèmi. Àbúrò yín ńkọ́, ó tú irun náà?

Ìyá Ìbejì, Kubwa:
Ó gbé e fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko! Èmi ni mo tú u, mo fi omi tútù fọ̀ ọ́. Ó ti já wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Mo ń fi omi díẹ̀ pa ẹnu wọn pọ̀ láàárín àtẹ́lẹwọ́, wọ́n sì ń lẹ̀ mọ́ra láìní kókó. Fìlà ọmọ Aberdeen ti dé ìdajì.