Àwọn Kọ́míìkì Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí A Kà ní Kékeré: Ẹ Sọ Ìrírí Yín

Ọmọ ẹgbẹ́ kan láti Peckham, Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ kú àárọ̀, ẹ̀yin ará. Mo wà lára àwọn ọmọ Yorùbá tí àwọn òbí wọn fi sọ́dọ̀ òyìnbó alágbàtọ́ ní agbègbè Kent ní àwọn ọdún 1970. Bàbá mi ń kọ́ ẹ̀kọ́ òfin, màmá mi ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, àwọn méjèèjì sì tún ń ṣiṣẹ́ alẹ́, nítorí náà wọ́n ṣe bí ọ̀pọ̀ àwọn ará wa ti ń ṣe nígbà náà: wọ́n fi ìpolówó sínú ìwé ìròyìn Nursery World, wọ́n sì rí ẹni tí yóò bá wọn tọ́ mi. Inú ilé yẹn ni mo ti mọ The Beano, kọ́míìkì àwọn ọmọdé tó kún fún ìtàn alàwòrán. Ṣọ́ọ̀bù tí ń ta ìwé ìròyìn ní àdúgbò ni ó máa ń fi í ránṣẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ pẹ̀lú ìwé ìròyìn bàbá alágbàtọ́ mi, ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù náà a sì ti fi pẹ́ńsùlù kọ nọ́ńbà ilé sí igun òkè ojú ìwé àkọ́kọ́ kí ọmọ tí ń pín in má baà ṣìlé. Lọ́dọ̀ àwọn tí ń ta kọ́míìkì àtijọ́, àbùkù ni pẹ́ńsùlù yẹn, ó sì máa ń dín owó ìwé kù. Èmi kò jẹ́ fi rọ́bà pa á rẹ́ láé. Òun ni ó fi hàn pé ilé kan wà tí ìwé náà wọ̀, àti pé ọmọ kan jí ní kùtùkùtù, tó ń fetí sílẹ̀ kí ìwé náà já bọ́ láti ojú ihò lẹ́tà ẹnu ọ̀nà.

Kọ́míìkì The Dandy ni ó kọ́kọ́ jáde, ní ọjọ́ 4 oṣù Kejìlá ọdún 1937. The Beano tẹ̀lé e ní ọjọ́ 30 oṣù Keje ọdún 1938, ilé-iṣẹ́ D. C. Thomson ní ìlú Dundee, ní Scotland, ni ó sì ń tẹ àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀dá ìtàn tí ọmọdé fẹ́ràn jù lọ nínú The Beano, ẹ̀yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni wọ́n dé: Dennis the Menace ní 1951, Minnie the Minx ní 1953, àwọn ọmọ Bash Street, ìyẹn àwọn ọmọ kíláàsì kan, ní 1954. Nígbà tí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, Dennis ti gba ojú ìwé àkọ́kọ́ lọ́wọ́ Biffo the Bear, ó wọ súwẹ́tà onílà pupa àti dúdú, Gnasher ajá rẹ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí irun àwọn méjèèjì rí bákan náà. Leo Baxendale ni ó dá àwọn ọmọ Bash Street sílẹ̀, David Sutherland ni ó sì ń yà wọ́n nígbà tèmi. Ohun tí mo fẹ́ràn níbẹ̀ ni pé, bí o bá ti ka ọ̀rọ̀ inú àwòrán tán, iṣẹ́ kò tíì parí. Ojú rẹ yóò tún máa wá ọmọ tí ń ṣe ìjàngbọ̀n tirẹ̀ ní igun kíláàsì, èyí tí ìtàn náà kò tilẹ̀ mẹ́nu bà. Títí di òní, mo ṣì ń rí ohun tí n kò rí rí nínú àwọn ojú ìwé tí mo ti kà láìmọye ìgbà. Nígbà tí wọ́n dá ẹgbẹ́ àwọn olólùfẹ́ Dennis sílẹ̀ ní 1976, èmi náà gba bájì Gnasher onírun tí ẹyinjú rẹ̀ ń yí. Irun náà ti ń já, ṣùgbọ́n ẹyinjú rẹ̀ ṣì ń yí.

Kí n wá sórí ìtọ́jú, nítorí pé òun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń bi mí. Pépà olówó pọ́ọ́kú ni wọ́n fi tẹ àwọn ìwé wọ̀nyí, irú èyí tí wọ́n lọ igi mọ́lẹ̀ fi ṣe láìyọ ohun tí ń mú un pọ́n kúrò. Bí ìmọ́lẹ̀ àti atẹ́gùn bá ti ń bá a, ásíìdì a máa pọ̀ sí i nínú rẹ̀, pépà á pọ́n, ẹ̀yìn náà ni yóò máa rún bí ẹni fọwọ́ kan àkàrà gbígbẹ. Kò sí ohun tí a lè ṣe tí yóò dá a padà sí funfun láìpa á lára, ṣùgbọ́n a lè fà á sẹ́yìn. Àpò ọ̀rá polyester ni mo ń lò, nítorí pé ọ̀rá PVC olówó pọ́ọ́kú a máa tú ohun tó ń ba pépà jẹ́ jáde bí ó bá pẹ́. Mo ń fi páálí tí kò ní ásíìdì tì í lẹ́yìn kí ó má baà ká kò, mo sì ń kó wọn sínú àpótí nínú yàrá tí a ń sùn, kì í ṣe ní àjà ilé tó ń gbóná lẹ́ẹ̀rùn tó sì ń tutù ní ọyẹ́, kì í sì í ṣe nínú yàrá abẹ́ ilẹ̀ tí ọ̀rinrin ń jà. Bí píìnì àárín ìwé bá ti ń dípẹtà, ẹ yọ ọ́ jẹ́jẹ́ kó tó ba ibi tó dì mú jẹ́. Sẹ́lótéèpù ni ọ̀tá gidi. Ó dà bí ẹni pé ó ràn wá lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí a lẹ̀ ẹ́, lẹ́yìn ọdún díẹ̀ ni yóò pọ́n, tí gọ́ọ̀mù rẹ̀ yóò sì wọ inú pépà, tí kò sì ní ṣeé yọ mọ́.

Kọ́míìkì The Eagle nìkan ni kò bá àpótí wọ̀nyí mu. Ojú ìwé rẹ̀ tóbi ju ti àwọn yòókù lọ, nítorí náà lórí pẹpẹ ni mo ń tẹ́ ẹ sí ní ìdùbúlẹ̀. Ẹ̀dà àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹrin ọdún 1950, Frank Hampson ni ó sì ń ya Dan Dare, akọni awakọ̀ òfuurufú inú ìtàn, sí iwájú rẹ̀ ní àwọ̀ mèremère, lásìkò tí àwọn ará Britain ṣì ń fi káàdì ìpín ra oúnjẹ. Ìgbà tó ti lọ tán ni mo tó mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n mo ní díẹ̀ lọ́wọ́ nítorí àwọ̀ yẹn.

Àwọn ẹ̀dà tó ṣáájú ogun ni owó gidi wà lórí wọn. Lásìkò ogun, wọ́n rọ àwọn ọmọdé pé kí wọ́n kó pépà àtijọ́ jọ fún ìjọba láti tún lò, kọ́míìkì sì wà lára ohun tí wọ́n kó lọ. Pépà ọ̀hún wọ́n tó bẹ́ẹ̀ gẹ́ẹ́ tí The Dandy àti The Beano fi ń gba ọ̀sẹ̀ mọ́ ara wọn lọ́wọ́ láti 1941 sí 1949, tí ọ̀kan bá jáde lọ́sẹ̀ yìí, èkejì á jáde lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ní 2004, ẹ̀dà àkọ́kọ́ The Dandy kan tí fèrè ọ̀fẹ́ tí wọ́n fi sínú rẹ̀ ṣì wà pẹ̀lú rẹ̀ ni wọ́n tà ju 20,000 pọ́n-ùn lọ, ìwé tó jẹ́ pé pẹ́nì méjì ni wọ́n ń tà á nígbà tó jáde. Èmi kò lè ra irú rẹ̀, bí mo bá sì lè rà á, n kò ní lè kà á láìgbọ̀n.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù tí n kò fẹ́ fò. Ẹ̀gbẹ́ orúkọ The Beano lórí ẹ̀dà àkọ́kọ́ 1938, wọ́n ya ọmọ dúdú kan tí wọ́n ń pè ní Peanut síbẹ̀, ètè rẹ̀ nípọn ju bó ṣe yẹ lọ, bàrà olómi sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí di ẹ̀yìn ogun. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i, mo ti di bàbá ọlọ́mọ, mo sì ronú nípa èmi ọmọ dúdú kan ṣoṣo ní òpópónà wa ní Kent, tó jẹ́ pé kọ́míìkì yìí gan-an ni ó mú kí àwọn ọmọ òyìnbó jókòó tì mí lórí àkàsọ̀. Àwọn kan ní kí a má ṣe pa irú ẹ̀dà bẹ́ẹ̀ mọ́. Èmi ní kí a pa á mọ́ pátápátá, kí á sì máa fi han àwọn ọmọ wa ní ojúkorojú, nítorí ẹni tó bá ya ojú ìwé yẹn dànù ti bá wọn bo ohun tí wọ́n ṣe mọ́lẹ̀.

Ọmọ ẹgbẹ́ kan láti Ìbàdàn

Ẹ̀gbọ́n wa ti Peckham, ẹ kú iṣẹ́. Bí ẹ ti ń sọ̀rọ̀ àjà ilé àti ọyẹ́, ikán àti aáyán ni tiwa níhìn-ín. Inú ṣọ́ọ̀bù ní Dùgbẹ̀ kọ́ ni mo ti ra kọ́míìkì tèmi o, lọ́wọ́ àwọn tí ń tẹ́ ìwé àtijọ́ sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ títì ni: Tiger, Commando, àti Roy of the Rovers. Inú Tiger ni Roy Race, agbábọ́ọ̀lù inú ìtàn Roy of the Rovers, ti bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1954, kó tó gba ìwé tirẹ̀ ní 1976. Nílé-ìwé wa tí a ń gbé inú rẹ̀, a máa ń jiyàn lórí Melchester Rovers, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Roy inú ìtàn, bí ẹni pé a lè gbọ́ èsì wọn lórí rédíò. Commando ni ó wúlò jù nítorí pé ó kéré, ó ń wọ inú ìwé ìṣirò, olùkọ́ kò sì ní fura.

Páálí kì í pẹ́ lọ́dọ̀ wa. Agolo onírin tó ní ìdérí ni mo ń lò, mo gbé e lé bíríkì kí ó má kan ilẹ̀, mo sì fi káńfọ̀ tí mo wé nínú aṣọ sí igun rẹ̀, kí ó má baà kan ìwé. Ní àsìkò òjò, mo máa ń ṣí i lọ́jọ́ tí oòrùn bá ràn dáadáa, nínú ilé ni o, kí atẹ́gùn lè gba inú rẹ̀ kọjá, kí funfun tí ń hù sára ohun tó gba ọ̀rinrin má baà rí ààyè.

Ṣùgbọ́n ohun tó mú mi kọ̀wé gan-an ni Powerman. Ó yà mí lẹ́nu pé ẹnikẹ́ni kò tíì mẹ́nu bà á. Ní àárín àwọn ọdún 1970, ilé-iṣẹ́ Bardon Press Features ní Lọ́ńdọ̀nù ṣe kọ́míìkì kan tí wọ́n ṣe ní pàtó fún títà ní Nàìjíríà, akọni aláwọ̀ dúdú tó lágbára tó sì ń fò ni wọ́n fi ṣe é. Òyìnbó ni àwọn tó kọ ọ́, Don Avenall àti Norman Worker, òyìnbó náà sì ni àwọn ọ̀dọ́ méjì tí ń yà á, tí wọ́n ń pín ẹ̀dà ṣe láàárín ara wọn: Dave Gibbons àti Brian Bolland. Ẹni tó bá mọ kọ́míìkì mọ orúkọ méjèèjì, nítorí kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí wọ́n di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká nínú kọ́míìkì 2000 AD, Bolland lórí ìtàn Judge Dredd. Ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo jẹ́, a kò sì mọ ìkankan nínú èyí. Ohun tí mo rí ni akọni tó jọ mí. Mo sì rí i pé wọ́n kọ nọ́ńbà sí igun àwòrán kọ̀ọ̀kan, kí a lè mọ èyí tí a ó kọ́kọ́ kà, nítorí wọ́n gbà pé a kò mọ bí wọ́n ti ń ka kọ́míìkì. Àwa tí a ti ka Roy of the Rovers títí tó fi ya, kí ni a fẹ́ fi nọ́ńbà ṣe? Ẹ̀dà kan ṣoṣo ni ó kù lọ́wọ́ mi, ojú ìwé ẹ̀yìn rẹ̀ ti lọ, ikán sì ti jẹ etí rẹ̀ kan, ṣùgbọ́n gbogbo ìtàn inú rẹ̀ ṣì ṣeé kà.

Ọmọ ẹgbẹ́ kan láti Liverpool

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má jẹ́ kí ó dà bí ẹni pé ọkùnrin nìkan ni ó ka kọ́míìkì. Bunty ni tèmi, ó bẹ̀rẹ̀ ní 1958, ó sì dáwọ́ dúró ní 2001. Ìtàn The Four Marys ni màmá mi máa ń bá mi kà, torí pé àwọn ọmọbìnrin ilé-ìwé tí a ń gbé inú rẹ̀ ni ó dá lé, òun náà sì ti lo ìgbà ọmọdé rẹ̀ ní irú ilé-ìwé bẹ́ẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Ní ojú ìwé tó gbẹ̀yìn, wọ́n máa ń ya ọmọláńgidi Bunty sí i pẹ̀lú aṣọ rẹ̀ lóríṣiríṣi, kí á gé wọn, kí á sì fi etí pépà kékeré tó wà lára aṣọ kọ́ wọn sí èjìká rẹ̀. Àwọn oníṣòwò a máa kọ ọ́ sí ìpolówó wọn pé ẹ̀dà yìí kò ní ibi tí wọ́n gé, kí owó rẹ̀ lè gòkè. Tèmi kún fún ihò, inú mi sì dùn sí i, nítorí ìdí tí wọ́n fi tẹ ojú ìwé náà nìyẹn. Mo tún fi pẹ́ńsùlù aláwọ̀ kun ojú Bunty ní àwọ̀ tèmi, mo sì ya ìró àti bùbá fún un sórí pépà tí mo gé fúnra mi. Inú agolo bisikíìtì ni gbogbo aṣọ náà wà, ti ilé-iṣẹ́ àti ti ọwọ́ mi. Ẹ̀gbọ́n Peckham, ṣé kí n lẹ àwọn tí mo gé padà sójú ihò wọn ni, àbí kí n fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀?

Ọmọ ẹgbẹ́ láti Peckham

Àbúrò mi, má ṣe lẹ ohunkóhun padà. Kó aṣọ kọ̀ọ̀kan sínú àpò polyester kékeré, fi í sẹ́yìn ẹ̀dà tó ti jáde, kí o sì fi pẹ́ńsùlù kọ ọjọ́ ẹ̀dà náà sára páálí, kì í ṣe sára ìwé. Àpò tó dára jù lọ ni kí o fi ti ìró àti bùbá yẹn sí, nítorí kò sí ẹlòmíràn tó ní irú rẹ̀ ní gbogbo ayé.

Àbúrò ti Ìbàdàn, jọ̀wọ́ fi fóònù ya gbogbo ojú ìwé Powerman náà fún wa ní ọ̀sán, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ṣùgbọ́n kí oòrùn má ṣe ràn sí i lójú. Má tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹrẹsẹ, ṣí i dé ìdajì kí píìnì má baà fà á ya. Wọ́n tún àwọn ìtàn náà tẹ̀ níhìn-ín ní 1988 lábẹ́ orúkọ Power Comics, wọ́n sì yí orúkọ akọni náà padà sí Powerbolt. Ìyẹn wà lọ́wọ́ mi. Bí tìrẹ bá ti dé, a ó tẹ́ wọn síra, kí á wo ohun tí wọ́n yí padà yàtọ̀ sí orúkọ.